Rósì mi kẹta tún ti kú: irú èwo gan-an ló ń yè ní Abẹ́òkúta?

Aránṣọ Òkè-Ìlewó

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé wa. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ rósì. Ọdún kejì rèé tí a ti jọ ń fà á níwájú ilé, òun ló sì ń borí.

Àkọ́kọ́, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rà á. Ìdí rẹ̀ wú bí iṣu, ewé rẹ̀ ń dán. Ó yọ òdòdó lóòótọ́, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí kì í ṣe rósì rárá. Èkejì, àbúrò mi ló mú un bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, igi gbígbẹ tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. Wọ́n ya òdòdó ràgàjì sára ọ̀rá náà, wọ́n kọ Damask sí i. Ó rúwé títí. Fún oṣù mẹ́rìnlá, òdòdó kan ṣoṣo kò yọ, ó sì kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta, aláwọ̀ ìyeyè, òun ló dùn mí jù. Òdòdó mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé e délé. Òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀, àmì dúdú bo ewé, ewé já tán, ó ku igi àti ẹ̀gún.

Màámi á pé 70 ọdún nínú oṣù Kejìlá, mo sì ti fẹnu kọ: mo ní rósì á wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Ẹ dákun, kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́?

Ọlọ́gbà Aṣéró

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Èyí tí ìdí rẹ̀ wú yẹn, Adenium ni. Òyìnbó ló ń pè é ní rósì aṣálẹ̀, kò bá rósì tan níbì kankan. Apá òkè lọ́hùn-ún, níbi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Tó bá ṣì wà nílé, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé àti ewúrẹ́ sún mọ́ ọn. Májèlé ni oje rẹ̀, àwọn ọdẹ àtijọ́ a máa fi sórí ọfà.

Àṣìṣe tó tiẹ̀ wọ́pọ̀ ju ìyẹn lọ ni ti òdòdó pupa ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, tí ahọ́n gígùn yọ láàárín rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni oníbàárà ń wá béèrè "rósì" lọ́wọ́ mi tó jẹ́ òun ló ń wí. Hibiscus nìyẹn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, Hibiscus rosa-sinensis, túmọ̀ sí rósì ilẹ̀ Ṣáínà, bẹ́ẹ̀ ilá àti isápá ni ìbátan rẹ̀. Ẹ já òdòdó ilá kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú wọn jọra.

Rósì tòótọ́, ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún tàbí méje ló sábà máa ń wà lórí ọ̀pá ewé kan, etí wọn rí bí eyín ayùn. Ẹ̀gún rẹ̀, tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ṣí kúrò wẹ́rẹ́. Ara èèpo ló ti hù, kò ti inú igi jáde bíi ti ọsàn.

Tísà Tó Fẹ̀yìntì

Ọlọ́gbà ti sọ bí a ṣe ń fi ojú mọ̀ ọ́n. Èmi fẹ́ ki oríkì rẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹjọ́ àwọn méjì tó kù wà. Ẹ má ra rósì láìbi í pé ọmọ ta ni.

Rósì inú igbó lé ní 150 irú láyé. Gbogbo wọn, apá àríwá ayé ni wọ́n ti ṣẹ̀: Éṣíà ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti àríwá. Nínú ilẹ̀ àwa adúláwọ̀, Rosa abyssinica nìkan la ní, olódòdó funfun tó ń hù lórí àwọn òkè Etiópíà. Níbí, àlejò pátápátá ni rósì. Ápù àti sitirọ́bẹ́rì ni ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní Yúróòpù àtijọ́, àwọn tó gbajúmọ̀ ni Gallica, Damask, Alba àti Centifolia tí orúkọ rẹ̀ ń sọ pé ewé òdòdó rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn ọmọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń du adé lẹ́yìn ọdún 1455, tí York ní rósì funfun, tí wọ́n sì so pupa mọ́ orúkọ Lancaster, irú Alba àti Gallica yìí ni wọ́n mọ̀. Ìwà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni pé wọ́n máa ń sùn nígbà òtútù. Yìnyín á bọ́, ewé á já, òtútù yẹn ló ń jí wọn. Wọ́n á wá tú òdòdó jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó di àmọ́dún. (Damask kan wà tó ń tún un yọ díẹ̀ lápá ìparí ọdún, àmọ́ òun náà kò kúrò lọ́mọ òtútù.)

Ní Ṣáínà ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Láti ayébáyé ni wọ́n ti ń gbin irú kan tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ẹ̀ka tuntun bá ti yọ, òdòdó yọ lórí rẹ̀, oṣù wọlé, oṣù jáde. Bí ọ̀rúndún kejìdínlógún ṣe ń lọ sópin, àwọn oníṣòwò ojú òkun bẹ̀rẹ̀ sí gbé e wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mẹ́rin ni ìtàn kò gbàgbé nínú wọn: pupa kan tí wọ́n fi orúkọ Slater pè, aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ ti Parsons, ti Hume tó dé ní 1809, àti aláwọ̀ ìyeyè ti Parks tó dé ní 1824. Wọ́n ní òórùn méjì tó kẹ́yìn jọ ti ewé tíì, ni wọ́n bá ń pe ìran wọn ní rósì tíì. Àsìkò yẹn gan-an ni Joséphine, ìyàwó Napoleon, ń kó rósì jọ sí ọgbà rẹ̀ ní Malmaison nítòsí Paris.

Àwọn ọlọ́gbà Faransé wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ọmọ ti Ṣáínà fẹ́ ọmọ ti Yúróòpù. Ní 1867, Guillot ará Lyon mú La France jáde, òun ni wọ́n kà sí àkọ́bí ìran tí à ń pè ní hybrid tea: igi gíga, òdòdó ńlá kan lórí ọ̀pá kan. Títí dòní, ọdún 1867 yẹn làwọn ẹgbẹ́ olórósì ní Amẹ́ríkà fi pààlà. Ìran tó bá ti wà ṣáájú rẹ̀ ni rósì àtijọ́.

Àǹtí Aránṣọ, Damask yín kò ṣàìsàn. Ó ń dúró de òtútù ni, fún oṣù mẹ́rìnlá gbáko, lábẹ́ oòrùn Òkè-Ìlewó. Ọyẹ́ tiwa kò tó o. Ẹni tó bá ń gbé Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ Ṣáínà àti tíì ni kó wá nínú rósì.

Alájì Kémta

Tísà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń rú mi lójú. Táífù ní Saudi, Damask ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣe omi rósì tí wọ́n ń lò nígbà fífọ Káábà. Mo ti dé Saudi, mo mọ oòrùn ibẹ̀. Tiwa kò tó ìdajì rẹ̀. Báwo ni Damask ṣe ń yè níbẹ̀ tí kò yè níbí?

Tísà Tó Fẹ̀yìntì

Alájì, ìbéèrè gidi. Mẹ́kà lẹ rántí, Táífù ń bẹ lórí òkè. Ó ga ju 1,500 mítà lọ. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ lóru nígbà tí ọdún bá yí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún náà ni wọ́n sì ń ká a. Kazanlak ní Bulgaria, tí wọ́n ti ń fún òróró rósì, òtútù tibẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Bí tọ́ọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin ewé òdòdó ló ń wọ kílò òróró kan. Ẹni tó bá ń ta "ojúlówó òróró rósì" fún yín ní owó táṣẹ́rẹ́ ní Lafẹ́nwá, ẹ bá a ṣírò ìyẹn.

Ọlọ́gbà Aṣéró

Ohun kan náà ni ti rósì tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ olólùfẹ́. Kẹ́ńyà wà lára àwọn tó ń ta rósì jù fún Yúróòpù, orí ilẹ̀ gíga ẹ̀bá adágún Naivasha ni wọ́n ti ń gbìn ín, ó tó 1,900 mítà sókè. Àwọn oníbàárà máa ń gé ọ̀pá yẹn, wọ́n á ní kí n bá wọn gbìn ín. Ó lè yọ gbòǹgbò o, mi ò ní kò lè yọ. Abẹ́ ọ̀rá ńlá lórí òkè tútù ni wọ́n tọ́ ọ fún. Abẹ́ òkúta níbí, òdòdó rẹ̀ á kéré, á ṣí láàárọ̀, á rẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí ibi tí wọ́n ti ń ta èso rósì aláwọ̀ aró lórí ayélujára, ọgọ́rùn-ún hóró. Mo ti fẹ́ san owó. Ṣé èyí náà nílò òtútù?

Ọlọ́gbà Aṣéró

Àbúrò, mú owó ẹ padà sápò. Kò sí rósì kankan tí àwọ̀ aró ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Suntory ní Jàpáànù fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a, wọ́n mú ohun tó ń fún àwọn òdòdó mìíràn ní àwọ̀ aró sínú rósì, wọ́n pè é ní Applause, ó dé ọjà wọn ní 2009. Tó o bá rí i, wàá ní elésè àlùkò ni. Èyí tó jẹ́ aró gbáà tí o rí nínú àwòrán, bóyá wọ́n rẹ òdòdó funfun sínú aró, bóyá fóònù ni wọ́n fi kùn ún.

Èyí tó tiẹ̀ burú níbẹ̀ ni pé èso rósì kì í jọ ìyá rẹ̀. Bí èèyàn ṣe ń bímọ ni: hóró kan, ojú kan. Èso náà sì ń fẹ́ kí o fi òun sínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó hù. Ìdí nìyẹn tí àwa ọlọ́gbà fi ń gé ẹ̀ka gbìn, tàbí ká so ẹ̀ka ọ̀kan mọ́ gbòǹgbò òmíràn. La France tí Tísà dárúkọ, igi kan ṣoṣo ni. Gbogbo èyí tó wà láyé, ara igi náà ni wọ́n ti gé wọn.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ẹ̀yin olówó aró, ẹ wá sí Ìtòkú, ẹ wá rẹ rósì yín lọ́dọ̀ wa 😀

Èmi ò mọ La France. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ike ọ̀dà ògbólógbòó ni rósì mi wà, òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń yọ wọ̀ǹtìwọnti lórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ti gé e, àwọn náà gé e níbi kan nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. N kò ra rósì rí láyé mi.

Aránṣọ, bí ẹni gbin pákí ló rí, ó kàn gba sùúrù jù ú lọ. Ẹ̀ka tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ ni kí o gé, tó nípọn tó pẹ́ńsù, kó gùn tó ọwọ́ rẹ láti orí ìka àárín dé ọrùn ọwọ́. Fi ọ̀bẹ mímú gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ojú igi gẹ́lẹ́, kí gígé náà má gún régé, kó dà bí ìdí pẹ́ńsù tí a gbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká ewé ìsàlẹ̀ kúrò, fi méjì sílẹ̀ lókè. Iyanrìn odò tí a fọ̀ dáadáa ni kí o pò mọ́ ilẹ̀ dúdú, ìdajì ìdajì. Tẹ ẹ wọlé títí ojú igi méjì fi bò. Bu omi sí i, kí o gé ìdí ike omi tí a ti mu tán, fi bò ó lórí. Ibi òjìji ni kó wà. Má fà á yọ wò! Àwọn ọmọ mi ló pa mẹ́ta àkọ́kọ́ báyẹn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó múlẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́jọ.

Márùn-ún ni kí o gbìn tó o bá ń fẹ́ méjì.

Ọmọ Pánṣẹ́kẹ̀

Màámi, ẹlòmíràn ní kí a kọ́kọ́ gún un mọ́ ọ̀dùnkún. Fídíò rẹ̀ wà.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ọ̀dùnkún ló máa hù. Jẹ ẹ́.

Tísà Tó Fẹ̀yìntì

Ìyá Aládìrẹ, irú ti ilé yín yẹn, bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, ọmọ Ṣáínà pọ́ńbélé ló jọ. Rósì Parsons tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ṣì ń gbìn ín kárí ayé dòní, Old Blush ni wọ́n ń pè é, ẹ̀ka gígé ló sì ń yára yọ gbòǹgbò jù. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé irú rẹ̀ ló ń ti ọwọ́ ìyá kan bọ́ sí tòmíràn. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́gbà Aṣéró

Ó ku ti aláwọ̀ ìyeyè. Àǹtí, ìyẹn ni ogún burúkú bá. Rósì ọgbà Yúróòpù kò ní ìyeyè tó le dáadáa tẹ́lẹ̀. Pernet-Ducher, ará Lyon náà ni, ló mú rósì ìyeyè ilẹ̀ Páṣíà wọ inú ẹbí, Soleil d'Or rẹ̀ jáde ní 1900. Gbogbo ayé yọ̀. Àwọ̀ dé, àìsàn àmì dúdú bá a dé, torí rósì Páṣíà yẹn, ilẹ̀ gbígbẹ ni ilé rẹ̀, kò mọ bí a ti ń bá ewé tútù jà. Ọ̀pọ̀ ìyeyè àti aláwọ̀ ọsàn tó wà lọ́jà lónìí ló jogún un. Peace náà, tí Meilland ará Faransé mú jáde, tí wọ́n fún lórúkọ yẹn ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1945 nígbà tí ogun Jámánì ń parí, ọmọ ìran náà ni. Ó rẹwà. Mo ti pa méjì.

Àìsàn náà, irú èéhù kan ni. Ewé gbọ́dọ̀ wà ní tútù fún bíi wákàtí méje kó tó ráyè wọlé. Ẹ rántí òjò tí ń rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú. Nítorí náà:

Omi, àárọ̀ kùtùkùtù ni, ìdí igi ni, ẹ má bu ú sórí ewé. Ewé tó bá já, ẹ ṣà á, ẹ sun ún, ẹ má fi bo ilẹ̀. Kí afẹ́fẹ́ rí àárín igi gbà. Ẹ̀ka tó bá kọjú sínú, ẹ fi àlùmágàjí gé e kúrò. Ẹ gbé e síbi tí òjò ò ti lè máa ta ẹrẹ̀ sí i lára. Bí òjò bá le jù, oògùn tí àwọn alátòmátì ń fín, èyí tí mancozeb wà nínú rẹ̀, ń dènà rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Ewé tó ti ní àmì kò ní padà mọ́, ewé tuntun lẹ ń gbà là.

Alájì Kémta

Èmi, omi dóńgóyárò àti ọṣẹ ni mo ń fín.

Ọlọ́gbà Aṣéró

Ìyẹn dára fún kòkòrò, Alájì, pàápàá àwọn pupa wẹ́wẹ́ tí ń ta bí òwú aláǹtakùn sẹ́yìn ewé nígbà ọyẹ́. Ti àmì dúdú, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án.

Alájì Kémta

Tèmi kò ní àmì dúdú kankan.

Ọlọ́gbà Aṣéró

Ẹ̀yin ló ni ín, sà. Abẹ́ òrùlé ni tiyín wà.

Aránṣọ Òkè-Ìlewó

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọgbọ́n yìí pọ̀ ju ti ọdún méjì mi lọ. Ṣé kí n kúkú ra hybrid tea olódòdó ńlá ni, àbí ti Ìyá Aládìrẹ? Màámi fẹ́ràn òdòdó ńlá. Àti pé ògiri ilé wa kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, òkúta ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ò lè fọ́.

Ọlọ́gbà Aṣéró

Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta yẹn! Ó ń mu oòrùn lọ́sàn-án, ó ń pọ̀ ọ́ lóru, rósì á sùn nínú ààrò. Ẹ wá ibi tí oòrùn àárọ̀ ń dé títí di bí aago kan, tí ògiri tàbí igi á sì ṣíji bò ó lẹ́yìn ìyẹn. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa tó le, ike ńlá tí a lu nísàlẹ̀ sàn jù, kó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rà fún oṣù mẹ́ta kó tó kàn án. Eérú, ìkúnwọ́ kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó, rósì kò fẹ́ ilẹ̀ tó ní eérú jù.

Ní ti irú: hybrid tea fún ẹni tó ráyè, torí ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Floribunda, òdòdó rẹ̀ kéré díẹ̀ àmọ́ ó ń wá ní ìdì, ó lágbára jù ú lọ. Polyantha, tí òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́ tó sì ń wá ní ìdì, àti àwọn ọmọ Ṣáínà, ìyẹn fún ẹni tó ń rán aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi tiyín. Tí ẹ bá rí Knock Out, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000, wọ́n dìídì tọ́ ọ láti kọ àmì dúdú ni.

Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n so mọ́ gbòǹgbò òmíràn lẹ rà, ẹ máa ṣọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀ka tó bá yọ láti abẹ́ ojú ìso, ọmọ olóko ni, kì í ṣe ọmọ yín. Ẹ fà á ya. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, á gba ilé lọ́wọ́ onílé, ẹ ó wá máa ní rósì yín pa àwọ̀ dà.

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Ìwọ Aránṣọ, wá lọ́jọ́ Sátidé kí o wá gé márùn-ún. Mú ọ̀bẹ rẹ dání, tèmi kò mú.

Aránṣọ Òkè-Ìlewó

Mo padà dé o. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé. Nínú márùn-ún, mẹ́ta ló hù. Mo gbé wọn síwájú, lápá ibi tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé. Èyí tó ga jù nínú wọn tó ìbú ọwọ́ méjì, ó sì ti ní ọmọ òdòdó kan lórí, bíńtín, ó ń pọ́n lẹ́nu. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi láti àárọ̀. Ìyá, ṣé kí n máa wò ó títí á fi ṣí?

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Já a.

Aránṣọ Òkè-Ìlewó

Háà! Màámi!

Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú

Já a, ọmọ mi. Ọmọdé kì í tètè bímọ. Já èyí, já èyí tó bá tún tẹ̀lé e, jẹ́ kó fi agbára rẹ̀ ta gbòǹgbò. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn oṣù kẹwàá, ti ìyá rẹ nìyẹn.

Aránṣọ Òkè-Ìlewó

Mo ti já a. Mo fi sínú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi.